Àǹtí Hẹ́lò àti Kọ̀ǹpútà Olójú Dúdú

Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ibi yòówù kí Àǹtí Hẹ́lò jókòó sí nínú ilé, yóò dìde, yóò na ọwọ́ sí ara ògiri, yóò sì tan iná pálọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fi iná ṣe. Ọdún kẹtàdínlógójì rèé tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ ló ń tan iná yẹn dè. Káfíńtà ni ọkọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó bá ilé tó ṣókùnkùn biribiri, ó sì fi ojúgun gbá àpótí kan gbàù! Igbe tó ké, àwọn aládùúgbò jáde.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àpótí yẹn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni iná ti ń tàn ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kò yẹ̀ rí. Ó ti mọ́ obìnrin náà lára débi pé kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́.

Kì í ṣe Hẹ́lò ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ o. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko ló fi jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù ní ilé ẹjọ́ ńlá kan, tí gbogbo ìpè tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ń gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá. "Hẹ́lò, ilé ẹjọ́ nìyí, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Ó sọ ọ́ títí, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án lójú oorun, "Hẹ́lò" ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ adájọ́ kọ̀ọ̀kan nípa ikọ́ rẹ̀. Ó mọ agbẹjọ́rò tó ń purọ́ pé òun ti wà lójú ọ̀nà, torí ó ń gbọ́ omi tó ń dà ṣàà nínú balùwẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà wá ń lọ, tẹlifóònù kó sínú àpò oníkálukú. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá tú pátákó náà lára ògiri, wọ́n gbé e jáde. Ó ku Àǹtí Hẹ́lò àti àga rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ nígbà náà, bàbá kan tó ń múra àtifẹ̀yìntì, pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ tún lè ṣe?"

"Mo lè gbọ́rọ̀, sà. Mo sì lè tẹ̀wé. Wọ́n kọ́ wa ní táípù nílé ìwé wa."

Bàbá náà ronú sí i. Gbogbo ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó, kó gbọ́ ọ, kó tẹ̀ ẹ́ síwèé fún adájọ́. Iṣẹ́ etí àti ìka ni. Ó ní kí wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó. Bó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó di atẹ̀wé nìyẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa lọ sílé. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àǹtí Hẹ́lò sì mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀: obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí kò ríran, bó bá fi lè ti ibí lọ sílé, kò sí ibòmíràn tí wọ́n á ti tún gbà á.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ mọ̀ pé orí ọmọ ènìyàn pé! Kọ̀ǹpútà kan wà níwájú rẹ̀ tó ní ohùn nínú. Bó bá parí ọ̀rọ̀ kan, ohùn náà á kà á fún un; bó bá ṣe àṣìṣe, á gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Etí òsì ni ohùn yìí ń bá sọ̀rọ̀. Etí ọ̀tún ni ìgbẹ́jọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń gbà wọlé. Lábẹ́ tábìlì, pẹ́dà kan wà tó dà bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá fi ẹsẹ̀ tẹ iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Bó bá tẹ ẹ̀yìn, á padà sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, gbogbo ilé ẹjọ́ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, agbẹjọ́rò á dúró pẹ̀lú ẹnu ní yíyà.

"Nígbà tí mo wà nídìí fóònù, èmi ni mo máa ń dúró de adájọ́," ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ní báyìí, ẹsẹ̀ mi ni adájọ́ ń dúró dè."

Ẹsẹ̀, etí méjì, ìka mẹ́wàá, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà! Ohùn inú kọ̀ǹpútà náà sì ń sáré. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kó yára díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ohùn náà ti di gúgúrú tó ń bẹ́ nínú ìkòkò, ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àǹtí Hẹ́lò pe orúkọ rẹ̀ ní Asọ̀rọ̀-má-mí.

Ojú kọ̀ǹpútà náà wá ńkọ́? Lọ́jọ́ tí onímọ̀ ẹ̀rọ wá tò ó sórí tábìlì, Àǹtí Hẹ́lò gbé ọwọ́ síwájú, ó bá ohun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Kí ló ń móoru níwájú mi yìí?"

"Ojú kọ̀ǹpútà ni, mà. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ hàn."

"Ó ń fi hàn ta?"

Onímọ̀ ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú ìka obìnrin náà lọ sórí bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀. Àǹtí Hẹ́lò tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ mọ́. Dúdú kirikiri. Onímọ̀ ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un kó tó lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, bẹ́ ẹ bá ti tẹ ojú ìwé kan tán, ẹ ní kó fi pamọ́. Bí iná bá lọ lójijì, ohun tẹ́ ò bá fi pamọ́ ti lọ nìyẹn."

Yàrá kan náà lòun àti ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé ẹjọ́ jọ ń lò, ẹni tí gbogbo ilé ẹjọ́ ń pè ní Bàbá Fáìlì. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, gílóòbù kan ló wà lókè. Pẹpẹ fáìlì yí wọn ká títí dé àjà, òórùn bébà àtijọ́ sì gba ibẹ̀ kan. Bàbá Fáìlì kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì.

"Hẹ́lò, bí gílóòbù yìí bá jó, kí ni ìwọ ó ṣe?"

"Màá máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ìwọ lo máa bọ́ sórí àga, tí wàá máa ké pè mí."

Oṣù kẹta ń parí lọ nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tó kẹ́yìn fún un. Ẹjọ́ ògiri ni. Ọkùnrin méjì tí ilé wọn fara kanra ń bá ara wọn jà lórí ògiri àárín wọn tó wó: ta ló mọ ọ́n sórí ilẹ̀ ta? Wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ náà kọ́ sórí pátákó nínú ilé ẹjọ́, ẹlẹ́rìí sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Àǹtí Hẹ́lò gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, torí adájọ́ máa padà jókòó lórí ẹjọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni akọ̀wé àgbà tuntun wọlé. Ó kéré sí Àǹtí Hẹ́lò lọ́jọ́ orí, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ sì ń dún kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ti fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá: ẹni tí kò bá lo ẹ̀rọ, kó pa á. Bàbá Fáìlì kà á sókè, ó ní: "Ọ̀gá Tuntun ti dé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó rí mi tí mo ń sùn, yóò pa èmi náà."

Ọjọ́ Ajé lọ dáadáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ dáadáa. Lọ́jọ́rú, Àǹtí Hẹ́lò ti jókòó láti aago méje àárọ̀, iṣẹ́ sì ń dùn mọ́ ọn bí oyin. Ìka rẹ̀ ń fò, ẹlẹ́rìí ń rojọ́, Asọ̀rọ̀-má-mí ń bẹ́ bíi gúgúrú. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ó bọ́ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, ó jáde lọ mu tíì nídìí àtẹ̀gùn. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ó padà dé, ó jókòó, ó fi ìgbọ́rọ̀ sétí, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kẹ́kẹ́ pa. Ó bọ́ ìgbọ́rọ̀, ó tẹ́tí sí abẹ́ tábìlì. Ariwo kékeré tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe, ùùù bíi ti kòkòrò, kò sí níbẹ̀.

"Bàbá Fáìlì, ṣé iná lọ ni?"

"Iná kò lọ o. Gílóòbù ń ràn lórí mi níbí."

Àǹtí Hẹ́lò wá ara ògiri lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti pa á.

"Ta ló wọlé síbí?"

"Ọ̀gá Tuntun nìkan ni. Ó yọjú, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ògiri yẹn, ó sì jáde. Mo rò pé bébà ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Àǹtí Hẹ́lò tan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó dúró kí kọ̀ǹpútà jí, ó ní kó gbé ìwé ẹjọ́ ògiri wá. Asọ̀rọ̀-má-mí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé pé. Iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Gbogbo ohun tó tẹ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́rú, ojú ìwé mọ́kàndínlógún, ti lọ ráúráú, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ rí.

Kò fi pamọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó rántí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rántí. Lọ́jọ́rú, iṣẹ́ dùn jù, ìka rẹ̀ sì padà sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, lórí ẹ̀rọ táípù onírin, níbi tó jẹ́ pé ohun tó o bá ti tẹ̀ ti wà lórí bébà, ọwọ́ rẹ ló wà.

Kò-kò-kò. Ọ̀gá Tuntun ń kọjá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà! Ṣé ẹ̀yin lẹ pa ẹ̀rọ mi?"

Gìgísẹ̀ náà dúró. "Èmi ni, mà. Kò sí ẹni tó ń lò ó. Ó ti kú láti ọjọ́ Ajé."

"Kú bíi ti báwo?"

"Mo yọjú síbí lọ́jọ́ Ajé, mo yọjú lánàá. Ojú rẹ̀ dúdú." Ọkùnrin náà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí, mi ò fẹ́ dójú tì yín. Mo rí yín tẹ́ ẹ fi nǹkan sétí, tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, tẹ́ ẹ ń fi ìka jó lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé orin lẹ̀ ń gbọ́. Mo ní kí n fi yín sílẹ̀ títí oṣù yín á fi pé."

Bàbá Fáìlì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Àǹtí Hẹ́lò, ó gbé e mì.

"Ọ̀gá," Àǹtí Hẹ́lò ní, "ẹ̀rọ kò kú. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo pa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa ojú ẹ̀rọ?"

"Ta ni kó wò ó, sà?"

Àǹtí Hẹ́lò gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí. Ó ti ń retí pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde jẹ́ ti ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹjọ́ ògiri. Ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Mi ò fi pamọ́, sà, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ pa iná láìbéèrè."

"Ọ̀la ni adájọ́ fẹ́ ẹ." Ọ̀gá Tuntun ń rìn síwá sẹ́yìn, kò-kò-kò. "Mo máa pín in fún àwọn atẹ̀wé méjì tó wà níwájú. Kò sí ọ̀nà mìíràn."

Iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Àǹtí Hẹ́lò mọ̀ pé bí fáìlì yìí bá kúrò lórí tábìlì òun lónìí, òun náà ti tẹ̀ lé e nìyẹn.

"Ẹ jókòó, sà."

"Àǹtí, àkókò kò sí."

"Ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ fi èyí sétí yín."

Ó na ìgbọ́rọ̀ etí òsì sí i, ó ní kí Asọ̀rọ̀-má-mí ka iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin náà ta gìrì lórí àga.

"Èdè wo nìyí?"

"Èdè tiwa ni. Ẹ̀yin ni kò tíì mọ́ lára."

Ó dẹ ohùn náà lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá na ọwọ́ síwájú, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́ tí Bàbá Fáìlì sọ pé, "Ó mà mọ́lẹ̀ o!" Ó fi ìgbẹ́jọ́ sí etí ara rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, Ọ̀gá Tuntun sì ń wo ọ̀rọ̀ bó ṣe ń tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lórí gíláàsì, ìlà lórí ìlà. Ó wò ó pẹ́. Ìṣẹ́jú kan ti di mẹ́wàá.

"Aago méjìlá ọ̀la," ó ní níkẹyìn. "Kó má kọjá bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

Bó ṣe tún iṣẹ́ Ọjọ́rú tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ sì ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí kò retí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, àwọn ibì kan wà tó ti gbọ́ láàárọ̀, tó sì ti kọjá lórí wọn wéré. Ẹlẹ́rìí á ní, "Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, ó lọ títí dé ibí yìí." Ìka á dún lára pátákó, kọ́. Agbẹjọ́rò á ní, "Ibí yìí kẹ̀?" Ẹlẹ́rìí á ní, "Rárá, ibẹ̀ yẹn." Kọ́. Láàárọ̀, Àǹtí Hẹ́lò tẹ "ibí yìí", ó tẹ "ibẹ̀ yẹn", ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ti mọ́ ọn lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ó wà níbẹ̀ yẹn, pé ṣe é báyìí, pé ẹni yẹn ló ń bọ̀. Ó máa ń dákẹ́ ni, kí wọ́n má bàa ní ó ti ń dà wọ́n láàmú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun nìkan ni kò rí i. Àwọn tó kù mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà kejì yìí, bó ṣe tún gbọ́ kọ́ yẹn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ilé ẹjọ́ dákẹ́.

Ta ló mọ̀ ọ́n? Bébà ni adájọ́ máa kà. Bébà kò ní ìka tó ń tọ́ka. Ẹ̀rọ tó gba ohùn náà sílẹ̀ kò rí pátákó. Bí adájọ́ tilẹ̀ ní ojú mẹ́rin, bó bá ti kan ojú ìwé yìí, òun àti Àǹtí Hẹ́lò di ọgbọọgba.

"Bàbá Fáìlì."

"Hẹ́lò mi."

"Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ síwèé fún ọ pé ògiri bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí dé ibí yìí, ṣé o lè lọ mọ ọ́n?"

Bàbá Fáìlì rò ó. "Màá mọ ọ́n sórí ìwé yẹn ni."

Àǹtí Hẹ́lò rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣí bébà tuntun kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: ní ìṣẹ́jú báyìí, ẹlẹ́rìí sọ pé "ibí yìí", a gbọ́ ìka lára pátákó, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ibẹ̀. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá parí, ó ń fi pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Aago méje ti kọjá kó tó délé. Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣọ́ra o, mo gbé àga síbẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sára ògiri fúnra rẹ̀. Ó bá súwíìṣì ní títàn.

"Ta ló tan iná?"

"Èmi ni. Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tó wà. O kò jẹ́ kí n mọ súwíìṣì ilé mi láti ọjọ́ yìí wá."

Àǹtí Hẹ́lò dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó jókòó, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà bínú. "Kò lè béèrè ni? Kò ní ẹnu? Ènìyàn a máa wọ yàrá ẹni, a máa pa nǹkan ẹni láìsọ̀rọ̀?"

"Ó yẹ kó béèrè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un." Ó rọra sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nínú ilé yìí, mo ń tan iná fún yín kẹ́ ẹ má bàa fẹsẹ̀ gbá nǹkan. Ní ọ́fíìsì, mo jókòó sínú òkùnkùn oṣù mẹ́ta, mi ò tan iná fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin yẹn náà fẹsẹ̀ gbá àpótí ni."

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ra ojúgun rẹ̀, ó ní: "Àpótí tèmi dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti wà nídìí iṣẹ́. Ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn jáde. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Tuntun fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ọ̀nà. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, fàà, fàà. Lẹ́yìn náà, ó dúró.

"Kí nìyí lẹ́yìn? Bébà kan wà níbí tí kò sí nínú ẹjọ́."

"Àwọn ibi tí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ni, sà. Wọn ò dárúkọ wọn. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni."

"Àwọn atẹ̀wé wa kì í fi irú rẹ̀ sí i." Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. "Adájọ́ lè ní a ń kọ́ òun níṣẹ́. Ṣé kí n yọ ọ́?"

Bí Àǹtí Hẹ́lò bá ní kó yọ ọ́, ìwé rẹ̀ á dà bíi ti gbogbo ayé, oṣù mẹ́ta rẹ̀ á sì lè parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ronú kan ẹni tó ti ń dákẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n má bàa ní ó ti ń dà wọ́n láàmú.

"Ẹ jẹ́ kó lọ, sà. Bí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Ó jókòó, ọwọ́ lórí itan. Bàbá Fáìlì gan-an panu mọ́, ohun tí wọn kò rí rí ní ilé ẹjọ́ náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n gbọ́ kò-kò-kò. Ó ń yára.

"Àǹtí." Ó ń mí hẹlẹ. "Ìjókòó kò tíì lọ jìnnà tí adájọ́ fi dá a dúró. Wọ́n gbé bébà yín sókè, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé pátákó ilẹ̀ yẹn padà wá, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: ibí yìí, ibo ni? Ibẹ̀ yẹn, ibo ni? Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrin, ẹlẹ́rìí fi ìka síbì kan, agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ibòmíràn ni. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n mọ́!"

"Ẹ̀n?" Bàbá Fáìlì ti dìde.

"Adájọ́ béèrè ẹni tó kọ bébà náà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní láti òní lọ, ìwé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ wá síwájú àwọn láìní irú rẹ̀ lẹ́yìn."

Àǹtí Hẹ́lò gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe fa àga, tó jókòó, tó ṣí ìwé kékeré kan.

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé lórí oṣù mẹ́ta yín lónìí. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé fún yín." Ó kà á láìyọ ọ̀rọ̀ kan: "'Obìnrin inú yàrá fáìlì. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Orin ló ń gbọ́.' Mo ti fi ìlà bò ó. Kí ni kí n kọ sí i?"

"Ẹ kọ ọ́ pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ojú ìwé mọ́kàndínlógún ṣòfò."

"Mo ti kọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ pa iná láìbéèrè."

Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí bébà. "Mo ti kọ ìyẹn náà." Ó dìde. "Fáìlì mìíràn ń bọ̀ lórí tábìlì yín lọ́jọ́ Ajé. Ó pọ̀ jù èyí lọ o, atẹ̀wé."

Nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ lọ tán, Bàbá Fáìlì fi ọwọ́ lu pẹpẹ. "Atẹ̀wé! Ẹ gbọ́ o! Ta ni kó máa sọ hẹ́lò fún wa báyìí?"

"Gbẹ́nu dákẹ́, kó o bá mi wá bébà kan tó nípọn."

Ó mú irin kékeré tó fi ń kọ ìwé àwọn tí kò ríran, ó lu àmì ṣóńṣó-ṣóńṣó sára bébà náà, èyí tí òun lè fi ìka kà. Ó ní kí Bàbá Fáìlì fi bírò kọ ohun kan náà sábẹ́ rẹ̀, gàdàgbà: MO Ń LÒ Ó, Ẹ BÁ MI SỌ̀RỌ̀ KẸ́ Ẹ TÓ PA Á. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó fi ìgbọ́rọ̀ sétí, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, Àǹtí Hẹ́lò na ọwọ́ síwájú, ó sì tẹ bọ́tìnnì kékeré yẹn. Ìmọ́lẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ ọn lójú.

"Hẹ́lò, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Bàbá Fáìlì béèrè.

"Tiyín ni," ó ní. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fojú ríran, ẹ nílò ìrànlọ́wọ́." Ó sì tẹ iwájú pẹ́dà, ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.